Báwo lẹ ṣe ń mú àwọn àgbà wa gba abẹ́rẹ́ fúlù àti ti òtútù àyà? (Iléṣà)

OmoBolorunduro (alẹ́ ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Mọ́mì mi, ẹni ọdún 76, kátá ló kọ́kọ́ mú wọn lóṣù tó kọjá, a fi Robb pa wọ́n láyà, wọ́n mu àgbo, wọ́n ní ara ti ń fúyẹ́. Ọjọ́ karùn-ún ni aládùúgbò pè mí pé kí n máa bọ̀ kíá, pé Mọ́mì ń pe òun ní orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú tipẹ́, wọn ò tiẹ̀ mọ ilé tí wọ́n wà mọ́. Ara wọn ò gbóná o, ìyẹn ló tàn wá jẹ. Òtútù àyà ni. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù pẹ̀lú ọ́síjìn nímú, owó tí mo tọ́jú láti fi pààrọ̀ táyà mọ́tò lọ síbẹ̀, owó tí mi ò tíì ní náà lọ síbẹ̀. Ọpẹ́ ni, wọ́n ti ń bú mi báyìí, ara ti yá nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀ ni dókítà bi mí pé ṣé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù àti ti òtútù àyà rí. Mo ní àgbàlagbà náà ń gba àjẹsára ni? Ṣebí ọmọ ọwọ́ la máa ń pọ̀n lọ. Ó kàn ń wò mí ni.

Látìgbà yẹn, èmi àti àwọn méjì kan, nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú wọn, la ti ń wọlé tọ àwọn àgbà àdúgbò lọ ní Sátidé. Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é, kò sẹ́ni tó rán wa. Ilé mọ́kàndínlógún la wọ̀, ẹni méjì péré ló ní àwọn á rò ó. Bàbá kan bi wá pé ṣé ìjọba ló ní ká wá ka iye arúgbó tó kù. Ìyá kan fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, wọ́n gbọ́ gbogbo àlàyé wa tán, wọ́n ní ẹ ṣeun ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi kí ìyá yín. Ó parí síbẹ̀. Kí la ń ṣe tí ò dáa?

IyaAlate

Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kí Mọ́mì pẹ́ fún yín. Ẹ rántí ti Kòrónà àbí ẹ ti gbàgbé? Nígbà tí abẹ́rẹ́ yẹn dé ní 2021, wọ́n ní ẹni tó bá gbà á ò ní lò ju ọdún méjì lọ. Èmi àti Alhaja tí ìsọ̀ wa kángun síra lọ́jà Atákúnmọ́sà jọ lọ gbà á, èmi ń ṣọ́ wọn, àwọn náà ń ṣọ́ mi. Ọdún méjì pé, a ṣì jọ ń jà lórí ẹni tó ń sun ìdọ̀tí sójú ìsọ̀ ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn arúgbó o. Tí ẹ bá ti dárúkọ abẹ́rẹ́, Kòrónà ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn ká ná.

MiOGbaBee

Kí n sòótọ́, mi ò sí lẹ́yìn yín. Bàbá bàbá mi ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ sún mọ́ 100 ọdún kí wọ́n tó lọ, orógbó àti àgbo ni wọ́n ń lò, abẹ́rẹ́ kan ò wọ ara wọn rí. Tí abẹ́rẹ́ yìí bá dáa, kí ló dé tí wọ́n ní kéèyàn máa gbà á lọ́dọọdún? Ti ibà pọ́njú ṣebí ẹ̀ẹ̀kan péré ni, títí ayé. Ọ̀rọ̀ òwò ni jàre.

NoosiToTiSinmi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 34 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó sinmi, ẹ̀yìn ọsibítù Wesley Guild nílé mi wà. Kí n kọ́kọ́ dá MiOGbaBee lóhùn torí ìbéèrè ẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ọ̀pọ̀ ló ní in lọ́kàn tí wọn ò lè bèèrè.

Kòkòrò fúlù máa ń pààrọ̀ aṣọ ni. Lọ́dún yìí ó wọ bùbá, ara ẹ dá a mọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ á gbé agbádá wọ̀ dé, ara á ní ta lèyí. Ìdí nìyẹn tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé) fi máa ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní February àti ní September, kí wọ́n wo irú èyí tó ń jà káàkiri ayé kí wọ́n tó sọ ohun tó máa wà nínú abẹ́rẹ́ tuntun. Ibà pọ́njú ò mọ aṣọ í pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti òtútù àyà ní tiẹ̀ kì í ṣe ọdọọdún. Kòkòrò tó ń fa èyí tó wọ́pọ̀ jù, oríṣi ẹ̀ tó 100, wọ́n ṣa àwọn tó ń ṣọṣẹ́ jù nínú wọn, abẹ́rẹ́ kan ń gba 20, òmíràn ń gba 23. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, dókítà á sọ fún ẹni tó bá ku èkejì fún.

Ti bàbá bàbá ẹ tó sún mọ́ 100, ó dáa, Ọlọ́run fi gígùn ọjọ́ wọn jọ wá. Àwọn tí ìyá kan náà bí pẹ̀lú wọn ńkọ́, mélòó ló débẹ̀? Ẹni tó kù la máa ń rí kà. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀ lúkúlúkú fún wa. Àrùn kan ni tí ọkọ̀ ojú omi gbé wọ Èkó ní September 1918 tó fi ràn dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní bí adìẹ ṣe ń kú lèèyàn ń kú, wọ́n á sin ẹnìkan láàárọ̀, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ á sùn lálẹ́ kò ní jí. Fúlù nìyẹn o, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn onímọ̀ padà yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó kú nígbà náà wò lókè òkun, wọ́n rí i pé òtútù àyà tó tẹ̀lé fúlù ló pa èyí tó pọ̀ jù. Fúlù á já ìlẹ̀kùn, òtútù àyà á wọlé wá kó ẹrù. Ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí Mọ́mì OmoBolorunduro gan-an nìyẹn. Kí ẹ sì rántí pé arúgbó lè ní òtútù àyà kí ara ẹ̀ má gbóná. Tí ọkàn ẹ̀ bá ti ń dà rú lójijì, ẹ má ní ogbó ni, ẹ gbé e lọ.

Abẹ́rẹ́ fúlù ò ní dí fúlù pátápátá o, mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́dún tí abẹ́rẹ́ bá bá kòkòrò mu dáadáa, ó ń dín in kù ní nǹkan bí 40 sí 60 nínú 100, ara àgbà kì í sì í gbọ́ tó ti ọ̀dọ́. Àmọ́ ẹni tó gbà á tó tún wá mú un, kì í sábà dá a mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tí ò gbà á.

Wàyí o, OmoBolorunduro. Ẹ ń ṣe é bí ẹni tó ń ka mítà iná. Ẹ wọlé, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ kọ nǹkan sínú ìwé, ẹ jáde. Ìjẹ̀ṣà sì ni yín! Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìgboro, tí wọ́n bá dé ilé ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọn ò ní gba àga, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó á fi jáde. Òṣómàálò. Àwọn èèyàn fi ń bú wa, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọn kì í sọ níbẹ̀: kí wọ́n tó lóṣòó yẹn, wọ́n ti wá nígbà mẹ́rin, wọ́n mọ orúkọ ọmọ, wọ́n mọ ọjọ́ ìkómọ. Ìyá tó fún yín ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tíì kọ̀ fún yín, wọ́n ń wò yín ni. Ẹ padà lọ, ẹ má mẹ́nu ba abẹ́rẹ́, ẹ bá wọn bó ẹ̀gúsí. Àwọn fúnra wọn ló máa bèèrè.

OmoBolorunduro

Mítà iná 😂😂 Màmá ẹ pa mí o. Òótọ́ ni, ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ wa lóòótọ́, ọ̀kan nínú wa tún wọ fẹ́ẹ̀sì káàpù.

OmoIfe_Houston

Iléefẹ̀ ni wọ́n bí mi, Houston, l'Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé. Ẹ jẹ́ n fi ti ibí kún un. Nígbà tí ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa, oṣù méjì gbáko lèmi àti ìyàwó mi fi bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àwọn kan tó yọ̀ǹda ara wọn fún ọ̀rọ̀ báyìí, àgbà ni gbogbo wọn, ẹni tó kéré jù nínú wọn ti lé ní 60. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ ló pe ìyá mi lórí fóònù. Orúnkún ni wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orúnkún fún odidi wákàtí kan! Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ọmọ (ìyẹn ìyàwó mi ò, ó ń gbọ́ wọn láti kíṣìnnì). Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìyá Àkúrẹ́ ní, ‘Mo ń lọ gba abẹ́rẹ́ òfìnkìn tèmi lọ́jọ́ Thursday, ṣé kí n yà gbé yín?’ Màámi wé gèlè, wọ́n lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ló ní káwọn wá, pé ọmọ lèmi.

Níbí, owó kọ́ ni ìṣòro ẹni tó ti lé ní 65, Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àgbà) ló ń san ti méjèèjì. Ní October 2024 ni CDC (àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn níbí) tún gbé ọjọ́ orí ti òtútù àyà wálẹ̀ láti 65 sí 50. Fúlù tiẹ̀ ní èyí tó lágbára jù tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni 65 sókè. Ìdí tí wọ́n fi ń pariwo tó báyìí ni pé nínú 100 èèyàn tí fúlù ń pa níbí, 70 sí 85 ló ti kọjá 65. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, àwọn kan ò ní lọ àfi tí ẹnìkan bá bá wọn lọ.

Telo_Lagere

Houston, ẹ ti sọ tiyín, a gbọ́. Tiwa ńkọ́? Bí bàbá mi bá gbà lónìí, ta ló máa sanwó? Mo ti wá a kiri Ifẹ̀ nítorí wọn. Ibi àkọ́kọ́ ní àwọn ò ní in. Èkejì ní kí n san owó sílẹ̀ káwọn tó lọ gbé e wá láti Ìbàdàn, iye tí wọ́n pè lọ́jọ́ Ajé kọ́ ni wọ́n pè lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀kẹta ní ó wà ńlẹ̀, mo ní kí n rí i, ó ṣí fíríìjì, abẹ́rẹ́ wà nínú páálí kékeré láàárín ìgò mínírà àti ẹja dídì. Iná sì ti lọ látàárọ̀, omi ń kán sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì yẹn. Mo dúpẹ́, mo jáde.

NoosiToTiSinmi

Ó ṣeun tó ò gbà á níbẹ̀! Ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ló gbọdọ̀ wà lórí tẹmọmítà, lọ́sàn-án, lóru. Kó tutù, kó má sì di yìnyín. Èyí tó bá ti dì rí, kó tiẹ̀ ti yọ́ padà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti tán, omi lásán lò ń gún sára. Ibi tó bá ní fíríìjì àjẹsára lọ́tọ̀, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ìtutù ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni kó o lọ. Bi wọ́n pé kí wọ́n fi ìwé yẹn hàn ẹ́. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn ti dá ẹ lóhùn.

Ti owó, òótọ́ ni, méjèèjì ò sí nínú àjẹsára ọ̀fẹ́ fún àgbàlagbà ní Nàìjíríà. Ti àwọn ọmọdé nìkan ló wà níbẹ̀, láti ìparí 2014 ni wọ́n ti ń fi ti òtútù àyà kún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, kọ́bọ̀ ò jáde. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o, ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọmọ kéékèèké ni kòkòrò yẹn máa ń fara pamọ́ sí, wọ́n á wá fi imú nu aṣọ màmá àgbà. Tí ọmọ bá ti gbà á, ààbò díẹ̀ dé bá arúgbó tó ń gbé e jó. Fún àgbà fúnra wọn, ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí àwọn ọmọ máa dá a bí àjọ. Kó tiẹ̀ jẹ́ ti òtútù àyà ni wọ́n kọ́kọ́ rà, torí ìyẹn kì í ṣe ọdọọdún.

Tisa_Agba

Ọmọ ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, mo ní kó gbé fóònù wá. Ìka mi ò yá, ẹ fojú fò ó. Ọdún 79 ni mí, tíṣà ni mo ṣe.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ẹ ti ń sọ bí wọ́n á ṣe mú àgbà, bí wọ́n á ṣe tan àgbà, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó wà ní so. Kò sẹ́ni tó bi wá. Ó dáa, èmi á sọ ìdí tí mo fi lé àwọn ọmọ kan tó wá sí ulé mi lóṣù tó kọjá (bóyá ẹ̀yin náà ni). Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á ní ẹ wá, á ní ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí nǹkan tí mi ò wá. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn lórí fóònù. Arúgbó tó ń jẹun, tó ń rìn, kò fẹ́ dọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí. Ìyàwó mi la jọ máa ń lọ sírú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti kú, mi ò sì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù ní èmi nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yọrí, ẹ má wá bá wa ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ wá bá wa ní ìpàdé àwa tó ti fẹ̀yìntì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń ṣe é. Ẹ fún èmi ní ọ̀rọ̀ náà kí n sọ ọ́, torí èmi ni wọ́n á bi ní ìbéèrè tí wọn ò lè bi yín. Kí nọ́ọ̀sì sì ṣèlérí pé abẹ́rẹ́ nìkan lòun wá fún. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, kó sọ fúnra ẹ̀.

OmoBolorunduro

Bàbá, ẹ dákun. Mo dọ̀bálẹ̀. Àwa náà ni, ilé yín ni géètì aláwọ̀ ewé. Ẹ ní ká lọ ka ìwé wa.

NoosiToTiSinmi

Bàbá ti sọ ohun tí mi ò rí ní gbogbo ọdún 34. Mo ṣèlérí, mi ò ní gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, àá fi sínú mọ́tò. Kìkì ohun tí mo gbọ́dọ̀ bi yín kí n tó gún un ni pé ṣé ara yín ń gbóná lọ́wọ́, ṣé abẹ́rẹ́ kan ti ṣe yín lọ́ṣẹ́ rí, ṣé ẹ ń lo oògùn tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ṣíṣàn. Ẹ ó sì jókòó ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ẹ̀ kí n máa wò yín.

MiOGbaBee

Mi ò tíì gbà o. Àmọ́ ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ṣé irú wọn lè gbà á, tó bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ pé wọ́n fẹ́?

NoosiToTiSinmi

Irú wọn gan-an ló kọ́kọ́ yẹ kó gbà á, pẹ̀lú àwọn tó ní àìsàn ọkàn, ikọ́ fée, àìsàn kíndìnrín. Wọ́n lè gba méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì.

OmoBolorunduro (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ bó ṣe lọ.

A lọ sí ìpàdé àwọn Bàbá. Mo ka èèyàn 41. Àwa ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn la jókòó sí nídìí kúlà. Tisa_Agba dìde, wọ́n ní òtútù àyà ló pa akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n mọ̀ ọ́n, pé wọ́n gbé e lọ ní Tuesday, wọ́n sìn ín ní Saturday. Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n wá ká apá dàńṣíkí sókè, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ó yá. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, bàbá kan kígbe láti ẹ̀yìn pé ‘Tíṣà, ṣé kò dùn yín?’ Wọ́n wo ọ̀ọ́kán, wọ́n ní ‘Ẹgba tí mo nà ẹ́ ní 1978 ju èyí lọ.’ Kí ẹ rí ẹ̀rín.

Èèyàn 14 kọ orúkọ sílẹ̀, owó mẹ́sàn-án ti wà ńlẹ̀ (àwọn ọmọ ló fi ránṣẹ́, Houston náà san ti ẹni méjì, Ọlọ́run á san án fún un), àwọn mẹ́sàn-án yẹn gbà á lọ́jọ́ náà. Mọ́mì mi wà nínú wọn, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó tì wọ́n bí mo ṣe sunkún ní ọsibítù. Mi ò sunkún o.

Wàhálà dé lọ́jọ́ kejì. Ara ìyá kan nínú àwọn mẹ́sàn-án gbóná lóru, apá sì ń dùn wọ́n. Kí ó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, ìròyìn ti dé ẹ̀yìn ọjà pé abẹ́rẹ́ ti gbé ìyá kan ṣánlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Màmá ló ní ká má pe fóònù, ká lọ jókòó síbẹ̀. A jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹni tó ń wá wo òkú ń bá ìyá lórí ìjókòó, wọ́n ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, Màmá ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kòkòrò tó wà nínú abẹ́rẹ́ fúlù ti kú, kò lè fún èèyàn ní fúlù, ara tó ń kọ́ bó ṣe máa jà ló máa ń gbóná bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, àti pé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ààbò ẹ̀ tó múlẹ̀ lára. Mẹ́ta nínú àwọn tó wá wo òkú bèèrè iye tí wọ́n ń gbà á.

Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? A ti bó ẹ̀gúsí lẹ́ẹ̀mejì, ìka mi ti lé. Wọn ò tíì bèèrè nǹkan kan. Lánàá wọ́n ní ‘ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ò tiẹ̀ ní iṣẹ́ ni?’

Ìpàdé tó kàn ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, kúlà tí a yá lò níjọ́sí ti ní ihò. Ta ló ní kúlà ńlá tó ṣì ń di òtútù mú, a máa wá gbé e.

MiOGbaBee

Mo ní ọ̀kan. Ẹ má wá gbé e, màá gbé e wá láti Ifẹ̀ fúnra mi, kí n lè fojú ara mi wo tẹmọmítà yẹn. Ìyá mi ní àwọn máa bá mi wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí tíṣà yẹn.